Ẹ̀rù Ìṣubú Láàrin Àwọn Àgbà Wa: Ẹ Jẹ́ Kí A Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Àga

Àwọn baba wa sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe ọgbọ́n ni: kí àgbà ronú ohun tó gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà wà láàrin wa, láti Kétu àti Pọ̀bẹ́ títí dé Ṣábẹ níbí, tí wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n wo ẹ̀yìn, tí wọn kò sì lè wo iwájú mọ́. Egungun wọn kò ṣẹ́. Ọgbẹ́ wọn ti jinná. Ẹ̀rù nìkan ló kù, òun ló sì so wọ́n mọ́ orí àga.

Ẹ mọ̀ wọ́n. Ìyá tó máa ń rìn wá sí Misà òwúrọ̀, tó wá jẹ́ pé inú ilé ló ti ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì nísinsin yìí. Bàbá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin oko kajú, tó jẹ́ pé ọmọ ló ń ròyìn oko náà fún un. Àgbà tí kì í ṣàìlọ sí Arigbo ní Ìdáàṣà nínú oṣù Kẹjọ, tó wá ń ní kí àwọn ẹlòmíràn bá òun gbàdúrà níbẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ìdí, wọn á ní, "Ara ti dàgbà." Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó tì wọ́n pẹ́ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ òtítọ́ rẹ̀: "Ẹ̀rù ń bà mí ni. N kò fẹ́ ṣubú mọ́."

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ìdílé sọ ni èyí: ìjókòó tí a rò pé ó ń dáàbò bo àgbà, òun gan-an ló ń mú kí ìṣubú rẹ̀ sún mọ́lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà àbáyọ wà, orí àga kan náà la sì ti lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí ìṣubú ṣe ń di ẹ̀rù, tí ẹ̀rù ń di àìlera

Ní 1982, àwọn oníṣègùn méjì, Murphy àti Isaacs, kọ̀wé lórí arúgbó 36 tí wọ́n gba ìtọ́jú lẹ́yìn ìṣubú. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè rìn mọ́ láìdi nǹkan mú. Bí wọ́n bá dìde, ọwọ́ wọn á máa wá ohun tí wọn yóò gbá mú, ìbáà ṣe ògiri, ìbáà ṣe tábìlì, ìbáà ṣe aṣọ ẹni tó wà nítòsí. Ọkàn wọn kò tíì dìde nílẹ̀ láti ọjọ́ tí ara wọn ti dìde.

Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. Ìyá ṣubú. Ẹ̀rù bà á, ó dín ìrìn kù. Nígbà tí kò rìn mọ́, ẹran itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, oríkèé rẹ̀ gan, ara rẹ̀ sì gbàgbé bí a ti ń dúró ṣinṣin. Ní òru ọjọ́ kan, ó di dandan kí ó dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ó tún ṣubú. Nígbà náà ni yóò wí pé, "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ pé n kò gbọdọ̀ máa dìde." Bẹ́ẹ̀, àìdìde ló bí ìṣubú kejì.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn àgbà kan tí ara wọn le dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn fún ọjọ́ 10 péré. Nígbà tí wọ́n wọn ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn náà, ẹran tó ti dín kù níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Bí ọjọ́ 10 bá lè ṣe èyí sí ẹni tí kò ṣàìsàn, kín ni ọdún méjì lórí àga yóò ṣe sí ìyá wa? Láti 1947 ni Dókítà Richard Asher ti kìlọ̀ fún àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má ṣe máa fi aláìsàn sílẹ̀ lórí ibùsùn ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé kò sí ẹ̀yà ara kan tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ kò lè pa lára.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní 2003 láàrin àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní Nàìjíríà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé nínú àwọn tó lé ní 2,000 tí wọ́n bi léèrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ti ṣubú láàrin ọdún kan. Ní gbogbo àgbáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé tí a mọ̀ sí O.M.S. ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn tó tó 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dún kan, àwọn tó lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà ẹ̀rù àwọn àgbà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ohun tó tọ́ láti bẹ̀rù ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sá fún un ni kò tọ́.

Ìfẹ́ tó ń so ẹsẹ̀ àgbà mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ àti ẹ̀yin aya ilé, ẹ jẹ́ kí a bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nínú àṣà wa, ọmọ tó gbọ́n kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bu omi fúnra rẹ̀. Bí àgbà bá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dìde, ohùn mẹ́ta ti ké: "Màmá, ẹ jókòó o! Kí lẹ fẹ́? A ó gbé e wá." Ohun tó dára ni. Ọ̀wọ̀ ni, Ọlọ́run sì pàṣẹ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ìyá yìí fi ogójì ọdún gún iyán, ó ru igi, ó bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ ní òwúrọ̀, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà rẹ̀. Bàbá yìí kọ ebè láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Iṣẹ́ wọ̀nyí ló fún wọn ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi tọ́ yín dàgbà. Nígbà tí a bá wá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà, láìfi ohun kankan rọ́pò rẹ̀, a ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ọ̀wọ̀ ni a rò pé a ń bù fún wọn.

Kì í ṣe pé kí a padà fún ìyá àgbà ní odó. Ohun tí a ń wí ni pé kí ó tún ní ohun tí ara rẹ̀ lè ṣe, ní ìwọ̀n, lójoojúmọ́, níbi tí kò ti lè ṣubú. Níbo ni ibẹ̀? Orí àga ni.

Yoga orí àga

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: yoga. Láti ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá, ó sì ti pẹ́ jọjọ níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ èdè Látìnì yóò mọ ìbátan rẹ̀, jugum. Faransé ní joug. Àjàgà ni, igi tí a fi ń so màlúù méjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́. Níhìn-ín, ara àti èémí ni a fẹ́ so pọ̀: bí ọwọ́ ti ń gòkè ni èémí ń wọlé, bí ọwọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni èémí ń jáde. Ní 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe àjọ̀dún náà ní 2015.

Àwọn kan máa ń rí i nínú àwòrán, wọ́n á rí ọ̀dọ́mọdé tó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ bí okùn, wọ́n á sì ní, "Èyí kì í ṣe tiwa." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó rọrùn wà. B.K.S. Iyengar, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yoga tó lókìkí jù, ẹni tí a bí ní 1918 tó sì kú ní 2014, jẹ́ aláìlera ní ìgbà ọmọdé rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó ṣí ní ìlú Pune ní 1975, ó máa ń lo àga, okùn àti ìrọ̀rí láti fi kọ́ àwọn aláìsàn àti àwọn arúgbó, kí ohun tí ara wọn kò lè ṣe lórí ilẹ̀ lè ṣeé ṣe fún wọn lórí ìjókòó. Láti ìgbà náà ni yoga orí àga ti tàn kálẹ̀ dé ilé àwọn arúgbó ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ṣé arúgbó lè tún ní agbára? Ní 1990, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston mú arúgbó 10 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ láti 86 dé 96. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù, pẹ̀lú olùtọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, agbára itan àwọn tó ṣe é parí ti ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn méjì nínú wọn kò lo ọ̀pá ìtilẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ wọn le ju èyí tí a ń sọ nípa rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan náà ni: ẹran ara kì í darúgbó tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní dáhùn bí a bá pè é.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan síwájú sí i. Ní 2019, Catherine Sherrington ti Ọsirélíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 108 jọ, nínú èyí tí àgbà tó lé ní 23,000 ti kópa. Wọ́n rí i pé eré ìdárayá dín ìṣubú kù: níbi tí ìwọ̀nba 100 ì bá ti ṣẹlẹ̀, ó di bíi 77. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe iṣẹ́ náà jù ni èyí tí a ń ṣe lórí ìdúró, tó ń kọ́ ara bí a ti ń dúró ṣinṣin. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ni àga jẹ́, kì í ṣe ilé. A jókòó kí a lè dìde ni.

Ṣé kò lòdì sí ìgbàgbọ́ wa?

Àwọn kan nínú ìjọ yóò béèrè èyí, ìbéèrè tó tọ́ sì ni, nítorí pé ní Íńdíà ọ̀pọ̀ ló ń ṣe yoga gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀sìn wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1989, ọ́fíìsì Róòmù tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé náà kò ní kí a ju gbogbo rẹ̀ nù: a lè mú ohun tó wúlò níbẹ̀, bí kò bá ti bo àdúrà Kristẹni mọ́lẹ̀. Ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe pe ìtura tí ara ń ní nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìtùnú Ẹ̀mí Mímọ́. Ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀ níhìn-ín kò ju kí a na ẹsẹ̀, kí a gbé apá, kí a mí dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì kan tí a ó máa pè. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó fi "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run" bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi àdúrà Màríà parí.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ wá àga onígi tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kì í mì, tó sì ní ìfẹ̀yìntì. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Àpótí kúrú kò dára, nítorí pé ó ṣòroó dìde lórí rẹ̀. Àga oníke tó ń tẹ̀ kò dára pẹ̀lú. Ẹ bọ́ sálúbàtà tó ń yọ̀. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti jẹ nǹkan díẹ̀, kí oòrùn tó le. Ẹ má ṣe dá èémí dúró nígbà kankan. Bí ohun kan bá dùn yín, ẹ dín in kù tàbí kí ẹ fò ó.

Èkíní: Ẹ sún síwájú díẹ̀ lórí àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ẹ na ẹ̀yìn bí ẹni tó ru igbá omi. Ẹ fa èémí sínú nípa imú, ẹ tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Èkejì: Ẹ gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè, kí gìgísẹ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ọmọ ìka wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ̀ kì í tètè kọ nínú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta: Ẹ di etí àga mú. Ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú títí orúnkún yóò fi nà, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe ti òsì. Márùn-ún márùn-ún. Itan ni èyí ń kọ́, itan ló sì ń gbé wa dìde.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ gbé orúnkún kan sókè díẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ gbé èkejì, bí ẹni tó ń rìn lórí ìjókòó. Ogún ìṣísẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ gbé apá méjèèjì sókè bí àlùfáà ti ń gbé e nígbà àdúrà Misà. Èémí ń wọlé bí apá ti ń gòkè, ó ń jáde bí apá ti ń sọ̀. Ẹni tí èjìká ń dùn kí ó dúró níbi tó bá lè dé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ yí orí àti àyà sí ọ̀tún pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n kí láti ẹ̀yìn. Ẹ padà sí àárín, ẹ yí sí òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má fi agbára yí i, ẹ má sì tẹ̀ síwájú jù, nítorí egungun ẹ̀yìn àgbà kì í fẹ́ ipá.

Èkeje ni olórí gbogbo rẹ̀: ìdìde. Kí ọmọ kan dúró nítòsí. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ sábẹ́ orúnkún. Ẹ tẹ orí síwájú títí imú yóò fi wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ti àga, ẹ dìde. Ẹ dúró ka márùn-ún. Ẹ wá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má jẹ́ kí ara já lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò burú. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, títí yóò fi di márùn-ún.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù. O.M.S. gba àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe eré tó ń fún ara lágbára àti ní ìdúróṣinṣin, ó kéré tán lọ́jọ́ mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀. Bí ìdìde márùn-ún bá ti rọrùn, kí àgbà dúró lẹ́yìn àga, kí ó di ìfẹ̀yìntì rẹ̀ mú, kí ó máa gbé gìgísẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, kí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ó padà. Ìgbà yẹn ni àga ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Ẹni tó ṣubú láìpẹ́, tí kò sì lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí tó ní àrùn ọkàn, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá ní ẹni tó ń tọ́ iṣan àti oríkèé, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní kiné, òun ni kí ẹ wá. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó jókòó díẹ̀ kí ó tó dìde, pàápàá lóru, nítorí òòyì. Bí àyà bá ń dun àgbà, tí èémí rẹ̀ bá ń já, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ bá rọ lójijì, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ sáré gbé e lọ.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ

Ẹ wo ilẹ̀ ilé. Ẹ kó okùn, bàtà àti garawa kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ nu omi tó dà sílẹ̀. Ẹ fi iná kékeré sílẹ̀ lóru láti ibùsùn dé ẹ̀yìnkùlé. Bí ojú àgbà bá ti ń ṣú, ẹ mú un lọ wò ó.

Bí ó bá fẹ́ dìde, ẹ má fa apá rẹ̀. Ẹ dúró tì í, kí ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Dípò "Màmá, ẹ jókòó," ẹ sọ pé, "Màmá, ẹ rọra dìde, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín." Ẹ fún un ní ẹ̀gúsí láti bó, ẹ̀wà láti ṣà, aṣọ láti ká. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó ṣe é tán, ẹ ní sùúrù. Òun náà ní sùúrù nígbà tí ẹ ń kọ́ ìrìn, ẹ ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà lójoojúmọ́, kò sì so yín mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ìkúnlẹ̀ lé àgbà kúrò ní Misà. Ìlànà Misà fúnra rẹ̀ gba ẹni tí ara rẹ̀ kò le láyè láti má kúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá àti ẹgbẹ́ àwọn bàbá sì lè yan ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, kí àwọn àgbà jókòó sórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Misà, kí wọ́n jọ ṣe é. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà nìkan nínú ilé, ẹ̀rù rẹ̀ a máa dín kù bí ó bá rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń na ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, a kò sọ pé ẹ kò ní ṣubú mọ́ láéláé. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹsẹ̀ tí ẹ bá ń lò lójoojúmọ́ yóò gbé yín dájú ju ẹsẹ̀ tí ẹ fi pamọ́ lọ. Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀, ẹ pe ọmọ kan kí ó fi àga ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ kan, ẹ ka ẹ̀ta. Kí Ọlọ́run fún yín ní ara líle.